Fíríìjì Ìyàwó Àbíjàn

Ẹni tó bá fẹ́ rò pé irọ́ ni, kó máa rò ó. Èmi ò kàwé débi tí n ó fi lè hun irú ìtàn báyìí jọ. Ilé ìwé tí wọ́n ṣí fún àwa ìyá ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ẹni, ọwọ́ mi kò sì yá rárá. Ohun tí mo bá fara balẹ̀ kọ sílẹ̀, ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn.

Lọ́sàn-án ni mo wí o. Ẹ má rò pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú nìkan ni wọ́n ń rìn.

Nígbà yẹn, àwọn ọmọ mi ṣì kéré, iná ìjọba kò sì tíì pẹ́ tó dé àdúgbò wa ní Ẹ̀jìgbò. Ọkọ mi, Bàbá Múnírù, Àbíjàn ló ti ń ṣòwò aṣọ. Ẹ mọ̀ wá, àwa ará Ẹ̀jìgbò: ẹni tí kò bá sí ní Àbíjàn, àbúrò rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ọdún Iléyá ló máa ń wálé. A ó jọ jẹ ẹran, a ó jọ rẹ́rìn-ín, yóò tún di ẹrù rẹ̀. Èmi ni mo wà nílé tí mò ń ṣe ẹlùbọ́, tí mò ń tọ́jú ìyá rẹ̀, tí mò ń tọ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, ó fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ohùn la fi ń kọ lẹ́tà nígbà náà. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún á sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, á fi rán awakọ̀, àwa nílé á gbé e sínú rédíò, gbogbo agbo ilé á jókòó yí i ká. Bàbá Múnírù kí wa tán, ó wúkọ́, ó ní òun ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀. Sìkírátù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ará Ọlá ni, ẹ̀yìn wa níbí, ṣùgbọ́n Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí rí. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn obìnrin kan, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyálé mi, ẹ kú ilé o. Mò ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ bá mi pọn omi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń wí. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í ṣàdédé wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró, wọn ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó ré ìloro kọjá. Ẹni tí wọn kò bá wẹ ẹsẹ̀ fún, àlejò ni títí ayé. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ìbáà jẹ́ pé ọmọdé ni. Ẹni tó bá wọlé tẹ̀ lé e ni yóò máa kúnlẹ̀ kí i.

Mo pa rédíò. Ìyá ọkọ mi ní, "Kò tíì parí o."

Mo ní, "Ó ti parí, Màmá."

N ò ní í purọ́ fún yín, mo jowú. Bí mo bá ń yan ẹlùbọ́ sóòrùn, ẹ̀rín yẹn ni mò ń gbọ́. Wọ́n ní Sìkírátù ń ta omi ìsápá tútù àti yìnyín nílé wọn lọ́hùn-ún, wọ́n ní fíríìjì ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkọ mi rà fún un. Fíríìjì! Èmi tó jẹ́ pé ìkòkò amọ̀ ni mo fi ń mú omi tutù fún ìyá rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, kò wá wẹ ẹsẹ̀ kankan. Mo sì dúpẹ́.

Ìgbà tí ó yá, ọkọ mi wálé láìsí pé ọdún dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá. Fíríìjì yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó rù, ó dúdú. Ó ní àìsàn ránpẹ́ ló pa Sìkírátù, wọ́n ti sin ín sọ́hùn-ún bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ó ní òun kò padà sí Àbíjàn mọ́.

Mo bá a sunkún. Ojú mi ń sunkún, ọkàn mi ń sọ pé ọkọ mi dé.

Kò dé o. Inú yàrá ìgbàlejò ló gbé fíríìjì náà sí, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti òwúrọ̀. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á dúpẹ́, á gbé e sílẹ̀. Bí fíríìjì bá ń kùn, á di ojú, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara fíríìjì náà jẹ́jẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé bí Sìkírátù ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń mọ̀ bóyá yìnyín ti dì.

Owú ààyè ṣeé fara dà. Ẹ gbà mí gbọ́. Ààyè, ẹ lè bá a jà, ẹ lè se ọbẹ̀ tó ju tirẹ̀ lọ, ó ń bọ̀ wá darúgbó bí ẹ ṣe ń darúgbó. Ṣùgbọ́n òkú? Ọbẹ̀ rẹ̀ kì í jóná mọ́. Kì í sọ̀rọ̀ burúkú. Kí lẹ fẹ́ fi bá a du ọkọ?

Ìyá ọkọ mi pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí: "Ọkọ rẹ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ lo wà nílé. Dá a dúró."

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe fìdáù Sìkírátù lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ọlá, gbogbo wa lọ. Bí a ti padà dé, fíríìjì ti dákẹ́. Omi ti ń yọ́ nídìí rẹ̀. Ọkọ mi wò ó bí ẹni tí wọ́n tún túfọ̀ fún. Èmi, mo rò ó lọ́kàn ara mi pé bí nǹkan yìí bá kú pátá, bóyá ọkọ mi á dìde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bà mí lẹ́rù. Mo ránṣẹ́ pe Wàìdì tó ń tún fíríìjì ṣe lọ́nà Ìwó.

Wàìdì dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ àti ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́. "Ẹ kú ilé, Màmá. Níbo ni aláìsàn wà?"

Ó yọ wáyà fíríìjì kúrò lára ògiri, ó ki ti rédíò mi bọ̀ ọ́. Rédíò kọrin. Ó tún ki ti fíríìjì padà, ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀, gílóòbù inú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Iná dé inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ là, àyà rẹ̀ ni kò lù." Nọ́ńbà wà lára bọ́tìnnì kékeré kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n òtútù rẹ̀. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó tẹ́tí. "Ó yẹ kó dún 'kọ́' tí mo bá yí i báyìí. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, àbí?"

"N ò gbọ́."

"Ẹ gbìyànjú kí ẹ bá a sọ Faransé. Ẹrù Àbíjàn ni."

"Bó bá jẹ́ Faransé ló gbọ́, kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́," ni mo wí. Wàìdì rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rín.

Ó tú nǹkan kan jáde lẹ́yìn bọ́tìnnì náà, kò ju páálí ìṣáná lọ, irin ni, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lára rẹ̀ bíi ti eku. Wáyà méjì ló so mọ́ ọn. Ó já wọn, ó fi wọ́n kan ara wọn. Mọ́tò tó wà nídìí fíríìjì gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Mo ti rí i. Tẹ́mósítáàtì rẹ̀ ló kú."

Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìyálé ilé ni. Òun ló ń mọ̀ bí ó ti tutù tó. Bó bá tó, á sọ fún mọ́tò pé sinmi. Bó bá ń gbóná, á ní dìde. Láìsí i, kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ."

Mo ní, "Ìyálé kankan kò gbọdọ̀ kú nílé tí mo wà. Tún un ṣe."

Ó ní kò ṣeé tún ṣe, pààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, òun á wá a dé Ìbàdàn. Ó so wáyà méjèèjì pọ̀ tààrà, ó wé téèpù mọ́ ọn. "Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí, àmọ́ kò ní í mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ẹ̀yin ni tẹ́mósítáàtì rẹ̀. Bí yìnyín bá ti dì, ẹ yọ wáyà lára ògiri, kí mọ́tò má baà jó." Ó gbé òkú irin náà sójú fèrèsé, ó ní òun á mú un dání bí òun bá ń lọ Ìbàdàn.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí yìí.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń jọ ẹlùbọ́ lẹ́yìn ilé. Ó ti ń wù mí kí n lọ yọ wáyà. Mo gbọ́ "kọ́." Fíríìjì dákẹ́. Mo ní àwọn oníná ti mú iná lọ. Mo wọlé, gílóòbù yàrá ń tàn. Mo wo ògiri, wáyà wà níbi tó wà. Mo ṣí fíríìjì, yìnyín ti dì, ó dì gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ.

Ọkọ mi wà lórí àga rẹ̀. Ó ní, "Má yọ ọ́, Ìyá Múnírù. Ó mọ ìgbà tó tó."

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Ojú fèrèsé ló ń wò. Mo bá a wò ó. Irin yẹn, tí wáyà kankan kò kàn, tó dá wà lórí símẹ́ńtì, dún níwájú mi: "kọ́." Mọ́tò sì dìde.

Mo tún ránṣẹ́ pe Wàìdì. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó gbé irin náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Oòrùn ló ń pa á, Màmá. Irin a máa ta bó bá gbóná. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú mọ́..." Ó dún lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò dákẹ́. A jọ dúró bẹ́ẹ̀. Ó tún dún, mọ́tò tún dìde. Wàìdì gbé e padà sójú fèrèsé bí ẹni ń gbé ẹyin ẹlẹ́yin.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n yára lọ kírun Àsárì."

"Àsárì kẹ̀? A ò tíì kírun Àílà!"

Ó ti jáde. Irinṣẹ́ tó fi ń tú nǹkan wà lọ́dọ̀ mi títí dòní, kò wá mú un.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ náà gan-an. Gbogbo ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, ọkọ mi náà fi ọ̀pá rìn lọ, ìyá rẹ̀ sùn sí yàrá ẹ̀yìn. Àdúgbò dákẹ́ lọ. Mo gbé igbá ẹlùbọ́ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, òtútù kan sì pàdé mi. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Ilẹ̀kùn fíríìjì ṣí gbayawu, omi yìnyín ti ṣàn kún ilẹ̀ símẹ́ńtì níwájú rẹ̀.

Láàárín omi yẹn, ibi méjì gbẹ.

Mo súnmọ́ ọn. Ẹ gbà mí gbọ́, mo súnmọ́ ọn. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjì ni, tín-ín-rín, ti obìnrin, ọmọ ìka rẹ̀ pé. Omi ń ṣàn yí wọn ká, kò wọ inú wọn. N kò rí ara, n kò rí ojú. Igbá ẹlùbọ́ wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí n ó gbé e kà.

Mo gbọ́ ẹ̀rín kó tó sọ̀rọ̀. Mo mọ ohùn náà. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ìyálé mi, ẹ kú ilé."

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni pé kí n sá. Owú kò jẹ́. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ìyá ọkọ mi má baà jí: "Kí lo wá ṣe?"

"Omi ẹsẹ̀ mi ni mo wá gbà."

"Òkú kì í ṣe ìyàwó."

"Àlejò ni mí, Ìyálé mi. Ó ti ń rẹ̀ mí láti máa dúró."

"Ọkọ mi ńkọ́? Ṣé o fẹ́ mú un lọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ilé ni mò ń wá."

Mo rò ó. Mo ní bí n kò bá wẹ ẹsẹ̀ yìí, yóò máa dúró ti fíríìjì, ọkọ mi yóò máa jókòó tì í títí tí yóò fi kú. Bí mo bá sì wẹ̀ ẹ́, ó di ìyàwó ilé, mo ti fọwọ́ ara mi gba orogún. Ọgbọ́n kan wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé igbá kalẹ̀, mo bu omi sínú abọ́. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni kì í wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó nínú ilé. Ẹnu ọ̀nà ni. Tẹ̀ lé mi."

Mò ń lọ, mò ń wo ẹ̀yìn. Ìṣísẹ̀ tútù kan yọ lórí símẹ́ńtì tó gbẹ. Òmíràn yọ. Wọ́n ń tẹ̀ lé mi jẹ́jẹ́, bí ìyàwó ṣe ń rìn.

Ó dúró níta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo da omi. Omi náà kò balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kan nǹkan lókè díẹ̀ sílẹ̀, níbi tí ọrùn ẹsẹ̀ ènìyàn máa ń wà, ó pínyà, ó wá ń kán sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Mo da ti ẹsẹ̀ kejì.

Ó ní, "Ẹ ṣé o."

Mo fò wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìdábùú há a. Mo fi ẹnu sí ara pákó, mo ní, "Mo ti wẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Máa lọ sílé bàbá rẹ ní Ọlá."

Kò kanlẹ̀kùn. Mo ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí nǹkan tútù kàn mí lẹ́sẹ̀.

Bíríkìlà tó tẹ́ ilẹ̀ ilé wa, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síta ló ṣe é. Bí ọmọ bá da omi nínú ilé, ìta ló ń ṣàn lọ. Ọjọ́ yẹn, omi tí mo dà síta ń bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wọlé, ó ń gun òkè. Ó kọjá láàárín ẹsẹ̀ mi. Ó lọ tààrà títí dé ìdí fíríìjì, ó dúró. Ilẹ̀kùn fíríìjì rọra pa dé.

Lójú fèrèsé: "kọ́."

Bàbá Múnírù ti mọ́ṣáláṣí dé. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó bọ́ bàtà, ó wo ipa omi nílẹ̀ láti ìloro títí dé ìdí fíríìjì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ìgbà tó ti wálé, n kò tíì rí eyín rẹ̀. Ó wò kọjá lórí èjìká mi.

Ó ní, "Káàbọ̀."

Èmi ni mo wà nílé. Òun ló ti òde dé. Ta ló ń kí káàbọ̀?

Ó jẹun lọ́jọ́ náà, ó jẹ àjẹtán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ó padà sídìí òwò aṣọ, ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré. Ìyá rẹ̀ súre fún mi títí, ó ní mo dá ọmọ òun dúró. Mo ṣe àmín. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé kì í ṣe èmi?

Fíríìjì yẹn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí tẹ́mósítáàtì. Irin ojú fèrèsé ni yóò dún, ọkọ mi á sì gbójú sókè nídìí ohun tó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n pè. Bó bá dàwẹ̀, tó bá fẹ́ ṣínu, ife mẹ́ta ló ń gbé kalẹ̀: tirẹ̀, tèmi, òmíràn. Òmíràn yẹn, èmi ni mo máa ń gbé e mu níṣojú rẹ̀. Ó máa ń tutù ju tèmi lọ. Bàbá Múnírù á sì máa wò mí.

Ọkọ mi ti dolóògbé báyìí. Lọ́sàn-án ló lọ. Bí wọ́n ti ń dì í lójú, irin náà dún, fíríìjì dákẹ́, àti òun àti fíríìjì kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ní kò sí ohun tó ṣe é, iná dé inú rẹ̀. Aṣọ ni mò ń kó sí i nísinsìnyí. Irin náà ṣì wà lójú fèrèsé. Bí oòrùn bá pa á títí, kò dún.

Wọ́n ti jọ lọ. Sìkírátù ní èmi ni mo ni ín, ó sì mú un lọ.

Ẹ má retí kí n sọ pé mo kábàámọ̀ ilẹ̀kùn tí mo tì. Bó bá tún di òní, n ó tún tì í. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mò ń rò bí mo bá ń yan ẹlùbọ́. Ilé tí àwọn méjèèjì wà báyìí, ta ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́? Òun ni. Òun ni ìyálé níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá débẹ̀, èmi àgbàlagbà yìí ni n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni n ó kúnlẹ̀, èmi ni n ó sọ pé, "Ìyálé mi, ẹ kú ilé." Ọwọ́ rẹ̀ ni omi ẹsẹ̀ mi wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí orogún yín wà lọ́nà jíjìn, ẹ gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ má bu omi rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bu ú sí i lẹ́sẹ̀, ẹ má ti ilẹ̀kùn. Ẹ ò mọ ilé tí òun náà yóò ti dúró dè yín.